Ọkọ̀ àlòkù mẹ́ta, yìnyín oṣù márùn-ún: èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yìí ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ mi níbi tí yìnyín ti ń já fún bí oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, aago márùn-ún ìdájí ni mo sì ń forí lé ilé, kí kátákátá tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì tó dé àdúgbò wa. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Mẹ́ta ni mo ti rí tí apá mi ká: Honda CR-V 2009, Subaru Outback 2011 àti píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma 2007. Èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n máa wò lára rẹ̀? Mo mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n mi ò mọ inú rẹ̀."

Àbúrò mi, o kú ìmúra sílẹ̀. Kí n tó dé orí ọkọ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn kò sọ fún ọ.

Kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọdún mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá já lọ́dún, fóònù wa kì í sinmi. O lè rò pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni mo máa ń lọ fà jáde nínú kòtò. Rárá o. Jíìpù gàgàrà ló máa ń pọ̀ jù, àwọn tí wọ́n lẹ 4x4 gàdàgbà mọ́ nídìí. Ẹni tó wà á á dúró ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ká apá mọ́ àyà, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń sọ: "Ṣebí fọ́-wíìlì ni!" Fọ́-wíìlì ni lóòótọ́, ohun tó sì gbé e dé kòtò nìyẹn. Nígbà tó gbéra nílé, ọkọ̀ náà ò yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pòòyì lójú kan, kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ìgbà tó fẹ́ dúró ló tó mọ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fà ọkọ̀, gbígbéra àti gígun òkè ló wà fún. Kò kan bíréèkì. Kò sí ọkọ̀ òde òní tí kì í fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ bíréèkì, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ méjì péré ló ń fà á. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí, tí o bá tẹ bíréèkì lórí títì gbígbẹ, á dúró láàrin nǹkan bíi mítà 12 tàbí 13. Lórí yìnyín tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè tó mítà 50. Lórí omi dídì tó ń dán bíi dígí, ó lè sún mọ́ 100. Ohun tó lè dín iye yẹn kù kò sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tí taya ti kan ilẹ̀ ló wà, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Torí náà, yọ owó taya òtútù mẹ́rin sọ́tọ̀ kí o tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Bí owó ò bá ká méjèèjì, èmi ní tèmi á mú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń fà, tó wọ taya òtútù gidi, dípò AWD (ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) tó wọ taya gbogbo-ìgbà tó ti jẹ. Àwọn kan nídìí iṣẹ́ wa á bá mi jiyàn lórí èyí. Kí wọ́n wá bá mi létí kòtò.

Kí ni mò ń pè ní taya òtútù gidi? Rọ́bà taya lásán máa ń gan bí òtútù bá ti lọ sí nǹkan bíi 7°C sí ìsàlẹ̀. Rọ́bà ti òtútù máa ń rọ̀ síbẹ̀, ìyẹn ló fi ń rí ilẹ̀ dì mú. Wo ẹ̀gbẹ́ taya náà dáadáa: wà á rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí hóró yìnyín kan wà láàrin rẹ̀. Taya tó bá ní àmì yẹn ti yege ìdánwò lórí yìnyín. Èyí tí wọ́n kọ "M+S" (ẹrẹ̀ àti yìnyín) sí nìkan kò tó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ ọ́ sí i fúnra rẹ̀ láìsí ìdánwò kankan. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019. Bí ìjìnlẹ̀ ojú taya kò bá tó mílímítà 4 mọ́, kò wúlò fún yìnyín mọ́, ohun yòówù kí òfin gbà láyè. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o rà o. Ẹni tó bá fi méjì síwájú, tó fi ti àtijọ́ sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ìkóríta. Ní Quebec, ní Kánádà, wọn ò tiẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kẹta, òfin ni.

Ó dáa, ká wá dé orí ọkọ̀. Má fi AWD tàbí 4WD tí wọ́n kọ sídìí ọkọ̀ pinnu ohunkóhun. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé, kí ló wà láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn? Àwọn mẹ́ta tí o rí yìí, ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá ni wọ́n gbà ń ṣe é.

Tacoma lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ni mo fẹ́ kí o gbàgbé. Nígbà tí o bá ń wà á lásán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fà á. Bí o bá yí i sí 4H, ìyẹn ipò tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á, á so ìwájú mọ́ ẹ̀yìn pinpin, bí ẹni de ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn máa ń gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ó sì yẹ kí ìwájú yára ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Nígbà tí a ti dè wọ́n pọ̀, kò sí àyè fún ìyẹn. Lórí yìnyín, taya á yọ̀ díẹ̀, ara á tu gbogbo wọn. Lórí títì gbígbẹ, taya ò ní yọ̀, inú jíà àti ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀) ni wàhálà náà yóò lọ, wà á gbọ́ ọ bí ọkọ̀ ṣe ń fò tọ̀ọ́tọ̀ọ́ tí sítíárìn sì ń wúwo. Wo ọ̀nà tìrẹ ní aago márùn-ún ìdájí: yìnyín ládùúgbò, títì ńlá tí wọ́n ti da iyọ̀ sí, omi dídì lórí afárá, títì gbígbẹ, yìnyín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé wà á máa yí bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí o tó délé, lẹ́yìn tí o ti fi gbogbo òru ṣiṣẹ́? Bí o bá gbàgbé, tí o fi í sí ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò rù nǹkan kan fúyẹ́, ẹ̀yìn náà ló sì ń fà á. Mo mọ̀ pé 4L rẹ̀, ìyẹn jíà ìsàlẹ̀ tó lágbára jù, lè fa ọkọ̀ jáde níbi tí àwọn méjì yòókù á ti máa wo ojú ara wọn. Ìwọ ò lọ sí irú ibẹ̀.

Tacoma tún ní ọ̀rọ̀ fírémù. Ìpẹtà jẹ fírémù púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin 2005 sí 2010, títí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù ní Amẹ́ríkà tí Toyota sì gbà láti máa pààrọ̀ èyí tó bá ti lu fún àkókò kan, àkókò náà sì ti kọjá fún ọkọ̀ 2007. Ẹni tó bá ta ọ̀kan fún ọ láìní ìwé pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ kí ìwọ gba ìṣòro náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

CR-V yàtọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á ní gbogbo ìgbà. Nínú dífúrẹ́ńṣà ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, páńpù òróró méjì wà: ṣáàfù tó ti iwájú wá ń yí ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá ń yí bákan náà, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Ní kété tí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ̀ tó sì ń sá ju ẹ̀yìn lọ, òróró ti páńpù kan á pọ̀ ju ti èkejì, agbára òróró yẹn á tẹ kílọ́ọ̀ṣì (àwọn abọ́ irin tó ń so ṣáàfù mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn) pọ̀, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ kí ẹ̀yìn tó jí. Wà á mọ̀ ọ́n lára bí ọkọ̀ ṣe máa lọ́ tìkọ̀ díẹ̀ kó tó gbéra. Fún ẹni tó fẹ́ jáde ládùúgbò tó sì fẹ́ délé, ó tó. Ṣéènì ló ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa yí ní ìṣọ̀kan, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tí èèyàn á máa ka ọjọ́ fún. Òróró dífúrẹ́ńṣà ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ó bá ti gbó, tí o bá yí sítíárìn dé òpin, ẹ̀yìn á máa kérora, hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bí wọ́n bá tètè fa òróró náà dànù, tí wọ́n sì da ojúlówó òróró ti Honda sí i, ìkérora náà sábà máa ń lọ. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó pẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ nìyẹn.

Outback ló mọ yìnyín jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìgbà gbogbo ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á, ìwọ ò ní yí nǹkan kan. Ikùn rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 22 ga sí ilẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń rìn kí kátákátá tó dé, torí bí yìnyín bá ti ga ju ikùn ọkọ̀ lọ, ikùn ni ọkọ̀ náà yóò fi jókòó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa pòòyì lásán lókè. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò tíì tán lọ́jọ́ tí o bá san án. Outback 2011 oní-lítà 2.5 ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní bẹ́líìtì, èyí tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní máìlì 105,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 169,000. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí ìrìn, fáàfù àti písítìnnì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì sì di ìtàn. Béèrè ìwé, má gba ẹnu. Ẹ́ńjìnnì náà tún lórúkọ fún jíjò níbi gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín irin orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí irin méjì ti pàdé. Kó gbẹ. Bí o bá rí òróró tó ti dì mọ́ eruku níbẹ̀, tàbí àbàwọ́n omi rédíétọ̀, àtúnṣe ńlá ló ń bọ̀.

Ohun kan tún wà nípa Outback tí ẹni tó ń tà á kì í sọ. Subaru ní àyíká taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá mẹ́rin íǹṣì kan lọ yàtọ̀ síra, ìyẹn mílímítà 6 àti díẹ̀. Ó dún bíi pé ó pọ̀. Bí ojú taya kan bá fi mílímítà kan péré jẹ ju ti èkejì lọ, àyíká rẹ̀ ti fi mílímítà 6 dín kù. Mílímítà kan! Taya tó kéré á máa yí yára ju àwọn yòókù, ohun tó wà láàrin ọkọ̀ á sì rò pé ẹsẹ̀ kan ń yọ̀ ní gbogbo ìgbà, á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi jóná. Nítorí náà, bí o bá dé ibẹ̀ tí o rí taya mẹ́ta tó gbó àti ọ̀kan tuntun, tàbí orúkọ taya mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọkọ̀ kan, béèrè bí ó ṣe pẹ́ tó tó ti ń rìn bẹ́ẹ̀.

Bí o bá fẹ́ lọ wò ó, pe ẹni náà ṣáájú, sọ fún un pé kó má tan ọkọ̀ náà títí wà á fi dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wà á ṣe, kí o tó kí i tán pàápàá, ni kí o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti tan án, bi í pé kí ló dé. Ariwo àti èéfín tó yẹ kí o rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ooru ti bò wọ́n.

Lẹ́yìn náà, tẹ́ nǹkan sílẹ̀ kí o sì dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ọ́. Dùbúlẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ni ọ̀tá ọkọ̀ àlòkù níbi òtútù, abẹ́ ló sì ti ń jẹun. Ìpẹtà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára nọ́ọ̀tì kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni irin tó ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo igi. Fi ìdí sikirúdíráfà kan fírémù díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí o sì tẹ́tí: irin tó le máa ń dún ketekete bí agogo, èyí tó ti jẹ á dún bòkú, nígbà mìíràn sikirúdíráfà á wọlé. Ibi tí sípíríńgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí o fara balẹ̀ sí jù. Tẹ̀ lé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sẹ́yìn, fi ojú bá a lọ títí dé òpin. Bí o bá sì bá gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ní dúdú mìnìjọ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn, ẹni náà fi ọ̀dà bo nǹkan.

Níwọ̀n bí o ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, wá ṣáàfù gígùn tó ti ààrin lọ sí ẹ̀yìn. Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi rí pé kò lè gun òkè ilé wọn, pé kí n wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo gbé e sókè: kò sí ṣáàfù. Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ti yọ ọ́ nítorí pé ó ń pariwo, ó dí ojú ihò náà mọ́, ó sì tà á. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ AWD sí nídìí fi ẹsẹ̀ méjì rìn fún ọdún kan láìsí ẹni tó mọ̀. CR-V ní tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ti ilé iṣẹ́ jáde láìní fífà ẹ̀yìn rárá, àwọ̀ àti ìrísí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Abẹ́ ọkọ̀ ni kó sọ ọ́ fún ọ, má gbára lé ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ní ti wíwà á wò, wá ibi tó ṣófo tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Yí sítíárìn dé òpin, má fi ẹsẹ̀ kan epo, jẹ́ kí ó máa rá yí po bí òkòtó tó ti rẹ̀, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. AWD tó yá gágá á yí láìsọ̀rọ̀. Bí ó bá ń fò tọ̀ọ́tọ̀ọ́, tàbí tó ń dúró fúnra rẹ̀ bíi pé ẹnì kan tẹ bíréèkì, ohun tó so ìwájú mọ́ ẹ̀yìn ti gan. Nínú Outback tó jẹ́ CVT (jíà tó ń yí ara rẹ̀ padà láìní ìpele), tún ṣàkíyèsí bí ó ṣe ń dúró níbi iná: kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n tàbí kó fẹ́ kú.

Hítà ńkọ́? Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó gbóná dé ẹsẹ̀ àti dé gíláàsì iwájú. Tan AC náà, òun ló ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó ń nu ìkùukùu lójú gíláàsì. Òórùn dídùn kan tó ń ti hítà wá, omi rédíétọ̀ ló ń jò nínú ibẹ̀. Ní −18°C, agbára bátìrì lè wálẹ̀ dé bí ìdajì, torí náà èyí tó ń fà tìkọ̀tìkọ̀ nísinsìnyí kò ní dé oṣù Kìíní. Bí o bá rí okùn iná kan tó yọ orí síta láàrin imú ọkọ̀, ayọ̀ ni: ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú ni, ó sì fi hàn pé ẹni tó ní in mọ òtútù. Omi rédíétọ̀, ìdajì omi ìdajì kẹ́míkà, kì í dì títí dé nǹkan bíi −37°C. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ta nù lójú kọ́nà, CR-V àti Outback ọdún tí o wí yìí ti ní in; kì í ṣe gbogbo Tacoma 2007 ló ní in.

Gbogbo èyí kò ní kí o má san owó fún mẹkáníìkì mìíràn, tó jìnnà sí ẹni tó ń ta ọkọ̀, kó gbé e sókè fún ọ. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, ṣùgbọ́n ojú tìrẹ ò tíì mọ ibi tó yẹ kó wò. Ẹni tó bá ní òun ò ní àyè kí wọ́n yẹ ọkọ̀ òun wò, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ.

Ohun tí èmi á ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ: mo máa mú CR-V, bí ṣáàfù bá wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìpẹtà ò sì tíì jẹ ẹ́, mo máa pààrọ̀ òróró dífúrẹ́ńṣà ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ tí mo rà á, mo sì máa gbé owó tó ṣẹ́ kù sórí taya. Àyàfi tí yìnyín ọ̀nà yín bá máa ń dé orókún kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò, tí ẹni tó ni Outback sì kó ìwé bẹ́líìtì jáde fún ọ, tí abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbẹ, tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bára mu. Nígbà náà, Outback ni, má wo ẹ̀yìn.

Bí o bá ti rà á, lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá já, wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo lójúmọmọ, sá dé kìlómítà 20 ní wákàtí, kí o sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, á máa dún gìrìgìrì. ABS nìyẹn, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí taya há nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ṣe é títí ẹ̀rù rẹ̀ kò fi ní bà ọ́ mọ́. Bí kòtò bá sì gbà ọ́ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, sọ fún ẹni tó bá wá wọ́ ọ pé orí pẹpẹ ni kó gbé ọkọ̀ náà sí odindi. Kó má gbé ìwájú rẹ̀ nìkan sókè kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa yí nílẹ̀.